Ta Ni Ń Lá Oyin Náà?

 

Ọ̀rọ̀ kan wáyé ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. A ń jíròrò lórí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé, àwọn tí ń din adìyẹ tí wọ́n sì ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ni arákùnrin kan bá dìde, ó ní, "Ṣé ìyẹn náà ni à ń pè ní iṣẹ́? Àwọn tí ń bu ìrẹsì sínú àwo!" Ọ̀pọ̀ nínú wa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ sọ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kọ síhìn-ín yìí ni èsì mi. Kí arákùnrin náà má bínú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá jà, n kò bá òun fúnra rẹ̀ jà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, mo wà ní ìlú London lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó bímọ, ìyá wa kò sì lágbára ìrìn-àjò mọ́, ni ẹbí bá ní kí èmi lọ ṣojú wọn níbi ìkómọ. Nínú báàgì tí mo gbé lọ, púpurú ni ó gba ààyè jùlọ. Nígbà tí mo tú u, tí òórùn èéfín ara rẹ̀ gba inú yàrá, àbúrò mi jókòó sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti gbé ilé wá bá mi."

Nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà, ará ilẹ̀ Philippines ni. Ó wá kí ọmọ tuntun, ó bá wa nídìí púpurú. Ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà mọ ohun tí ó ń ṣe àbúrò mi. Ó wá sọ fún wa pé ilé oúnjẹ àwọn ará ilé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní àdúgbò Earl's Court, pé Jollibee ni orúkọ rẹ̀, pé òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé òun fẹ́ kí a bá òun lọ. Bí a ṣe jáde nìyẹn.

Nígbà tí a débẹ̀, ìlà ènìyàn ti gùn lójú títì bí ìlà epo bẹntiróòlù nígbà tí epo bá wọ́n nílé wa. Òtútù ń mú, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kúrò lórí ìlà. Mo wo àwọn ènìyàn náà dáadáa. N kò rí ẹni tí ó jọ olówó ńlá láàrin wọn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àwọn tí ń tọ́jú arúgbó, àwọn tí ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì, àti àwọn atukọ̀ òkun tí wọ́n wà ní ìsinmi. Òṣìṣẹ́ bíi tèmi àti tìrẹ ni gbogbo wọn. Ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé àwòrán kòkòrò oyin pupa ńlá kan sí, ó dé fìlà alásè, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn.

Oúnjẹ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Adìyẹ díndín tí èèpo rẹ̀ ń ró kàùkàù lẹ́nu ni, pẹ̀lú ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ ṣíṣàn aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń dà lé e. Sìpàgẹ́tì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n gé sọ́sééjì sí i, ó sì dùn bí ẹni pé wọ́n da ṣúgà sí i. N kò lè jẹ sìpàgẹ́tì yẹn tán, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọmọ etíkun ni mí, ata àti iyọ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n adìyẹ náà, egungun nìkan ni mo ṣẹ́kù. Nọ́ọ̀sì yẹn ní tirẹ̀ kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó gé adìyẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan, omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún wa pé ọjọ́ tí bàbá òun bá gbowó oṣù nìkan ni ó máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ jẹ ẹ́ nígbà tí òun wà ní kékeré.

Ẹ̀yin ará mi, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní, ẹ wo bí ilẹ̀ kan tí àwọn aláwọ̀ funfun ti jọba lé lórí rí ṣe gbé oúnjẹ ilé rẹ̀ wọ àárín ìlú àwọn aláwọ̀ funfun. Ìtàn rẹ̀ sì dára láti gbọ́. Ní ọdún 1975, ọ̀gbẹ́ni Tony Tan Caktiong ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ó ń ta áísìkiriìmù ní Quezon City. Nígbà tí ó rí i pé oúnjẹ gbígbóná ni àwọn oníbàárà ń béèrè jù, ó yí ọwọ́ padà, nígbà tí ó sì di ọdún 1978 ó sọ ilé-iṣẹ́ náà ní Jollibee. Ní ọdún 1981 ni McDonald's ti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ wọn, gbogbo ènìyàn sì rò pé àkúkọ kékeré yìí yóò kú sẹ́nu àṣá. Kò kú. Ohun tí ará ilé fẹ́ràn ni ó ń sè, òun ni ó sì borí ní ilé.

Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀lé àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Láti ọdún 1974, lábẹ́ ìjọba Marcos, ni òfin ilẹ̀ Philippines ti sọ fífi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun di ètò ìjọba, kí owó lè máa wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn. Láti ìgbà náà, ẹ kò lè débi tí ọkọ̀ òkun ńlá wà kí ẹ má bá atukọ̀ wọn. Ní ọdún 1998 ni Jollibee ṣí ní Daly City ní ìpínlẹ̀ California, ní oṣù kẹta ọdún 2018 ni wọ́n ṣí ní Milan ní ilẹ̀ Ítálì, ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n sì ṣí ti London yìí. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá gbé àárò ilé dé, ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ náà ń bá a. Àwa Ìlàjẹ mọ irú èyí. Àwọn apẹja wa tí wọ́n tọ etí òkun lọ títí dé Kamẹrúùnù, púpurú ni wọ́n dì lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n tẹ̀dó sí Bárígà àti Mákòókò ní Èkó, ẹ lọ wo ohun tí ó wà lórí ààrò wọn.

Ṣùgbọ́n mo jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́, ẹni tí ó bá sì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, ojú rẹ̀ kì í dúró lórí àwo oúnjẹ nìkan. Mo ń wo àwọn ọ̀dọ́ tí ń sáré lẹ́yìn káńtà. Mo bi nọ́ọ̀sì náà pé báwo ni ó ṣe rí fún irú wọn nílé, ṣé òṣìṣẹ́ tí ó dúró ni wọ́n àbí kásúwà. Ó gbé ọwọ́ adìyẹ sílẹ̀. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ti ṣiṣẹ́ ilé oúnjẹ rí nílé, oṣù márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń gbà á. Òfin ilẹ̀ wọn ni pé ẹni tí ó bá ti lò ju oṣù mẹ́fà ìdánwò lọ ti di òṣìṣẹ́ tí ó dúró, tí wọn kò lè lé láìnídìí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣe ń dá òṣìṣẹ́ dúró nígbà tí oṣù karùn-ún bá pé, tí wọ́n á sì tún gba ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n tún gba ẹni náà padà bí ẹni tuntun. "Endo" ni orúkọ tí àwọn ènìyàn wọn ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ni ó bá lọ sójú òkun.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tún wá mọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 yẹn kan náà, oṣù díẹ̀ ṣáájú kí a tó tò sórí ìlà ní Earl's Court, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Philippines pàṣẹ fún Jollibee pé kí ó sọ àwọn òṣìṣẹ́ 6,482 di òṣìṣẹ́ tí ó dúró. Ọwọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí wà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ilé oúnjẹ náà ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí mo gbọ́ iye yẹn, kòkòrò oyin pupa tí ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ni mo rántí. Wọ́n ní nítorí pé oyin jẹ́ òṣìṣẹ́ kára tí inú rẹ̀ ń dùn ni wọ́n ṣe fi í ṣe àmì. Òótọ́ ni. Oyin ń ṣiṣẹ́ kára. Ṣùgbọ́n ta ni ń lá oyin náà?

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Ilé oúnjẹ irú èyí kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1986 ni UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì rántí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jẹ mííìtì páì níbẹ̀. Ní ọdún 2009 ni KFC ti Amẹ́ríkà wọlé wá. Lónìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú ńlá kan tí irú wọn kò sí. N kò sọ pé kí wọ́n má wà. Iṣẹ́ ni wọ́n mú wá, ebi iṣẹ́ sì ń pa àwọn ọmọ wa.

Àwọn ọmọ wo ni? Ọ̀pọ̀ wọn ọmọ tiwa ni, ọmọ etíkun. Ẹ mọ ohun tí òkun ń fi ojú Ayétòrò rí. Ẹ mọ ilé tí ó ti wọ omi lọ, ẹ mọ àwọn tí ń ju àwọ̀n tí ẹja kò wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí ilé àti odò bá kọ ọmọ, ìlú ni yóò sá lọ, ilé oúnjẹ sì wà lára ibi tí yóò ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́.

Mo mọ ọmọbìnrin kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Òkun gba ilé bàbá rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin nídìí epo gbígbóná ní ilé oúnjẹ kan. Láàrin ọdún mẹ́rin náà, kò rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kan gbà. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un, ọjọ́ tí kò bá wá, kò sí owó. Ní ọjọ́ kan, epo ta sí i lápá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbúnwọ́. Wọ́n ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹlòmíràn ti wà nídìí epo náà. Kò sí ẹni tí ó lé e. Ìwé wo ni wọn yóò fi lé ẹni tí wọn kò fi ìwé gbà? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó sọ pé bíbu ìrẹsì kì í ṣe iṣẹ́ wá wo apá ọmọ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí òfin wí, nítorí ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Abala keje òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, iye owó rẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe máa san án. Abala kẹsàn-án sọ pé kò sí àdéhùn iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ fi í ṣe ẹ̀rí pé òṣìṣẹ́ kò ní wọ ẹgbẹ́. Abala 40 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni wọ́n sì fọwọ́ sí òfin tí ó sọ owó oṣù tí ó kéré jùlọ di ₦70,000. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òfin yẹn kò mú ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì mú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́. Ọ̀gá tí ó bá gbọ́n ẹ̀wẹ́ yóò ka àwọn kásúwà kúrò nínú iye, òṣìṣẹ́ 40 yóò sì di 15 lórí ìwé. Ta ni yóò bá wọn ka iye náà bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́?

Àwọn kan yóò ní irú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò lágbára, pé ọmọdé ni wọ́n, pé wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pé kò sí ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ kan ní New York fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní dọ́là 15 fún wákàtí kan ni àwọn ń fẹ́. Wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí iye yẹn fi ìlọ́po méjì ju ohun tí òfin orílẹ̀-èdè wọn pè ní owó tí ó kéré jùlọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, dọ́là 20 ni òfin sọ pé kí àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá irú èyí máa san ní California. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ McDonald's ní Cambridge àti Crayford daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì ni ó dúró tì wọ́n. Àwọn oníbúrẹ́dì yẹn kò sọ pé, "Ṣé àwọn tí ń din ànàmọ́ náà jẹ́ òṣìṣẹ́?"

Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá yọ àwọn ọ̀gá lẹ́nu, wọn yóò ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ yóò sì bọ́. Èyí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ẹ̀rù náà ń ba àwọn ọ̀dọ́ náà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo London. Ní ọdún 2018 tí mo ń wí yìí, òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún 25 kò gbọ́dọ̀ gbà dín ní £7.83 fún wákàtí kan. Jollibee mọ òfin náà kí ó tó débẹ̀, ó sì débẹ̀, ó tún ṣí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Òwò tí ó dára kì í sá fún òfin tí gbogbo ènìyàn ń pa mọ́. Ibi tí kò bá sí ẹni tí yóò béèrè ni ọ̀gá ti ń fi ọwọ́ òsì ka owó fún òṣìṣẹ́.

Ó tún ku àríyànjiyàn kan, òun ni ó sì lágbára jùlọ: pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò sí ní ẹ̀ka iṣẹ́ tiwa. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti pín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa sí ọ̀nà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ní ààlà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí a kó wọn sínú ìwé tiwa. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a mú wọn lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí òfin yàn fún wọn. Bí ọmọ bá sọnù lọ́jà, ìyá tí ó rí i kì í sọ pé nítorí pé kì í ṣe ọmọ òun, òun kò ní mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ayétòrò sílẹ̀ ní ọdún 1947, àpò kan ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ fún, apẹja, akànkọ̀, aránṣọ. Bí a bá ka aránṣọ sí òṣìṣẹ́ nígbà náà, kí ni ó dé tí a kò ní ka alásè sí òṣìṣẹ́ lónìí?

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹ̀ka wa pé kí ó ṣe. Èkíní, kí a kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ NLC ní Àkúrẹ́, kí a bèèrè pé kí wọ́n rán ẹni tí yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ sọ̀rọ̀ láti inú ẹgbẹ́ tí ó tọ́ sí wọn. Èkejì, kí a tẹ abala keje òfin iṣẹ́ sórí ìwé pélébé ní èdè Yorùbá, kí ẹ̀yin awakọ̀ máa pín in, nítorí ọkọ̀ yín ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n sì ń wọ̀ bọ̀ lóru. Ẹ̀kẹta, nígbà tí àwa fúnra wa bá wọ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe máa fi ìka pe ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún wa bí ẹni pé ẹrú ni. Ọ̀wọ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Mo ṣì ń retí ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wa yóò gbé púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó lọ sí London, tí ìlà yóò gùn lójú títì nítorí rẹ̀. Èmi fúnra mi yóò tò sórí ìlà náà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó ṣu púpurú náà jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tí kò ní ìwé lọ́wọ́, tí apá rẹ̀ jóná, tí wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Adùn oúnjẹ ilé kò pé bí ará ilé tí ó sè é bá ń sunkún.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, oyin kan ṣoṣo, bàtà ni a fi ń pa á. Bí agbo oyin bá tú síta, erin pàápàá yóò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ti pe ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀, ó sì ti gbà láti wá. Mo bẹ arákùnrin tí ó béèrè pé ṣé ìyẹn náà ni à ń pè ní iṣẹ́, kí ó jọ̀wọ́ fún un láàyè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.